Bàbá Mi, Ẹ̀yin Lẹ Wà Lábẹ́ Kíláàsì Kẹta

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kejì ni mo kà tí mo fi sílẹ̀. Mo fi òòlù fọ́ òkúta nídìí àpáta Ìkẹ́rẹ́ títí èékánná mi fi bọ́. Mo ṣe lébìrà nínú oko kòkó ẹlòmíràn, ejò bù mí jẹ lẹ́sẹ̀ òsì, n kò kú. Èmi yìí náà ló wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí mo tún dá ilé ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́ sílẹ̀, èmi tí n kò lè ka Sáàmù kan tán láìkọsẹ̀. Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa?

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń di ìwé orin mú gbọn-in ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìwé á dojú kodò? Èmi ni mo máa ń bá yín yí i padà. Tìtorí ìwé yẹn ni mo ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ọmọ méje la fi bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ yín, Ìyá Bọ̀sẹ̀ aya mi nìkan ni tíṣà. Lónìí gbogbo yàrá ulé yín ló kún, orúkọ yín ló wà lára bọ́ọ̀dù. Yàrá tí a sin yín sí, kíláàsì kẹta ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ wọn tí wọ́n bá ń kàwé?

Bàbá, ẹnu mi ló kó bá wa. Nígbà tí a wà lábẹ́ Àkúrẹ́, kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan. A wá ní ìpínlẹ̀ tiwa, Adó ò jìnnà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò nítorí ìwé àṣẹ. Wọ́n yin àwọn ọmọ, wọ́n yin ṣáláńgá pàápàá. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ ni mo fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo ní kí wọ́n wá kí bàbá mi, ibi tí wọ́n dúró sí gan-an lẹ sùn sí. Mo rò pé wọ́n á ṣí fìlà. Ọ̀gá wọn fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná.

Wọ́n ní ẹ̀yin tàbí àwọn ọmọ, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú ulé náà. Láìsí ìwé àṣẹ, àwọn kíláàsì kẹfà ò ní lè ṣe ìdánwò tí wọ́n á fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn lọ. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi tó bá fẹ́ pè mí ní agogo tí ń lu ara rẹ̀.

Ní Sátidé, mo gbé dígà wá bá yín. Sìmẹ́ǹtì tí èmi fúnra mi pò lé yín lórí ni. Ọwọ́ tó fọ́ àpáta, Bàbá, kò lè gbé dígà sókè. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, mo sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọlé, kí ló dé tí ẹ ò kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún mi?

Ó ku pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi tí mo fi ń yangàn: ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ò tíì gbọ́. N kò mọ̀ bóyá Adó á gbà. Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? N kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá kó gbogbo kíláàsì lọ síbẹ̀, màá gbé bọ́ọ̀dù orúkọ yín kọ́ síwájú rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá ká ẹní mi, màá wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ bí a ṣe ń pa ẹnu dé.