Dókítà Mùjídàt Àṣàkẹ́, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Kọ́ Bí A Ṣe Ń Wo Inú Orí (1962–2025)

Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, ní agbo ilé Ògúnyẹmí alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n bí Alhaja Dókítà Mùjídàt Àṣàkẹ́ Àlàmú sí ní ọdún 1962. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ débi pé àwọn àgbà ilé ní adìyẹ kan lúwẹ̀ẹ́ láti ojúde Ọ̀yọ́ dé Awẹ́, ó sì yé ẹyin lójú ọ̀nà. Bàbá wọn ni olóògbé Sàlámì Ògúnyẹmí, alágbẹ̀dẹ tí ìró òòlù rẹ̀ ń jí àwọn ará Ìlọrin lójú oorun. Ìyá wọn ni olóògbé Ràbíátù Àjọkẹ́, tó ń ṣe tìróò tà. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ń bọ́ lára irin níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń rọ ọ́, ni ìyá náà máa ń lọ̀ kúnná pọ̀ mọ́ òkúta tìróò kó lè dúdú dáadáa. Ó sì dúdú lóòótọ́. Ẹni tó bá lé e lọ sóde, òkùnkùn gan-an á yà fún un. Láti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti ń lé tìróò yìí fún Àṣàkẹ́, àwọn náà kò sì jẹ́ kí ojú wọn ṣófo lọ́jọ́ kan.

Ẹni tó bá mọ olóògbé mọ̀ pé àyà wọn máa ń já. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n á padà wá wò ó. Bí wọ́n bá wò ó tán, wọ́n á rán Mùílì, àbúrò wọn, pé kó lọ wò ó bóyá àwọn wò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní ọdún 1979, wọ́n ti sunkún tán kí èsì tó dé. Èsì dé, wọ́n yege ju gbogbo kíláàsì lọ, wọ́n tún sunkún, wọ́n ní bóyá olùkọ́ ṣì í kọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rù kàwé dé yunifásítì, tí wọ́n sì di dókítà ní ọdún 1987.

Ní ọdún 1989, wọ́n fẹ́ Alàájì Mubaraq Àlàmú, olùkọ́ ìṣirò ní Ọ̀yọ́, ọkùnrin tí sùúrù rẹ̀ tó láti fi rọ́ odò Ògùn kún. Ní ọdún 1996, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn tiwọn sí Owódé. Aláìsàn tó bá gba oògùn ibà lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, kó má yà á lẹ́nu bó bá rí dókítà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n ń béèrè bóyá ó ti lò ó, tí wọ́n sì ní kó lanu kí àwọn wò ó. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2014. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà níbẹ̀, wọn ò yé pe ilé láti béèrè bóyá wọ́n ti pa iná gáàsì.

Ní ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan gbé fọ́tò CT orí ọkọ rẹ̀ wá bá wọn. CT yìí ni ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara ní wẹ́wẹ́, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Olóògbé gbé fọ́tò náà sókè síbi fèrèsé, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, kìkì ohun tó jọ ìkùukùu ni wọ́n rí. Ìwé àlàyé tí wọ́n so mọ́ ọn ni wọ́n kà fún obìnrin náà. Oúnjẹ ò wọlé fún wọn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó pọn dandan fún gbogbo dókítà kí wọ́n máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i lọ́dọọdún kí ìwé àṣẹ wọn má baà kú. Òmíràn á lọ jókòó sí ìpàdé, á jẹ ráìsì, á gba ìwé ẹ̀rí, ó parí. Èyí tó le jù ni olóògbé mú: bí wọ́n ṣe ń ka fọ́tò CT àti ti MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà wo inú èèyàn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Takie. Dókítà Josiah Fáṣínà tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ kéré sí Bushrah, àkọ́bí wọn, ṣùgbọ́n “sà” ni wọ́n ń pè é.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní sà. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù, sà.”

Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ náà máa ń wọ inú ẹ̀rọ MRI lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fi fọ́tò ara wọn kọ́ṣẹ́. Ó kan olóògbé. Wọ́n bi wọ́n bóyá irin wà lára wọn. Wọ́n bọ́ yẹtí, wọ́n bọ́ òrùka, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ ìbòrí, wọ́n tún bọ́ bàtà rọ́bà tí kò sí irin kankan lára rẹ̀. Wọ́n ní ó tán. Wọ́n tì wọ́n wọlé, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi pé gbogbo alágbẹ̀dẹ ayé kó ara wọn sínú agolo kan. Ojú wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n rò pé omijé ni.

Nígbà tí fọ́tò jáde, ihò dúdú wà níbi ojú méjèèjì, ẹyinjú ti wọ́ bí ẹ̀bà tí wọ́n fi ọwọ́ fún. Wọ́n ti pe Dókítà Josiah lọ wo ẹni tí ọkọ̀ gbá. Kí ó tó padà dé, olóògbé ti fúnra wọn ka fọ́tò náà: kókó burúkú ló wà lẹ́yìn ojú wọn. Wọ́n gbé báàgì, wọ́n já sí Takie, mọ́tò Ọ̀yọ́ ni wọ́n wọ̀. Dókítà Josiah ń pè wọ́n lórí fóònù, wọn ò gbé e. Wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé ò fara rọ. Wọ́n kó aṣọ òkè wọn fún Marufat, ọmọ wọn obìnrin kejì. Wọ́n mú Alàájì lọ sí ilé ìdáná, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n máa sin wọ́n sí, wọ́n sì bá ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ jà pé kò ro koríko rẹ̀ dáadáa.

“Mùílì, mò ń lọ,” ni wọ́n wí fún àbúrò wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, láti kékeré lẹ ti ń lọ. Ẹsẹ̀ tèmi ni sísìn yín sọ́nà ń dùn.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí Mùílì dé ẹ̀yìnkùlé, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Alàájì fúnra wọn ló fi ọkọ̀ gbé wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Dókítà Josiah ò wo fọ́tò kankan. Ojú wọn ló tẹjú mọ́.

“Màámi, kí lẹ lé sójú yìí?”

“Tìróò ni.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Òkúta tìróò. Àti ìdàrọ́ díẹ̀.”

“Ṣé irin kọ́ ni ìdàrọ́, Màámi?”

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, wọ́n mọ ìdàrọ́ kí wọ́n tó mọ a-b-d. Wọn ò ka tìróò mọ́ irin rí láyé wọn, ojú wọn ni wọ́n kà á mọ́. Wọ́n bu omi, wọ́n fi òwú àti òróró nù ún tán pátápátá, wọ́n padà wọlé. Fọ́tò kejì jáde, ẹyinjú méjèèjì rí roboto bí àgbálùmọ̀. Ẹkún tí wọ́n sun lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àga lọ. Marufat ò dá aṣọ òkè padà.

Láti ìgbà náà, bí Mùílì bá ti wọlé, kò kí ẹ kú ilé mọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti bọ́jú?” ló ń wí. Olóògbé gba ìwé ẹ̀rí wọn ní ọdún 2022. Wọ́n gbé abọ́ omi àti òwú sẹ́nu ọ̀nà yàrá MRI náà, wọ́n ń lọ bá Dókítà Josiah ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún àwọn obìnrin ní àsàlátù. Dókítà Ẹ-Bọ́jú ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Ohun tó já gbogbo ilé láyà ni pé àyà tiwọn ò já mọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn ò padà wá wò ó. Alàájì rí i, ara wọn bù máṣọ. Gbogbo ẹbí kó sínú ọkọ̀, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Olóògbé bọ́jú, wọ́n wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n sì jókòó ti Dókítà Josiah níwájú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti ka fọ́tò náà. Kókó kan wà nínú ọpọlọ.

Mùílì dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bọ́jú?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Mo bọ́jú, Mùílì.”

“Ẹ tún un bọ́. Ẹ jọ̀ọ́.”

Wọ́n dìde, wọ́n lọ síbi abọ́ omi, wọ́n tún ojú bọ́ nítorí àbúrò wọn, wọ́n sì padà wọlé. Kókó náà ò kúrò. Olóògbé fi ìka tọ́ka sí i. “Ẹ wò ó, sà. Bí èyí tó jẹ́ òótọ́ ṣe máa ń rí nìyí. Ẹ máa fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀.”

Wọ́n jáde láyé nílé wọn ní Ọ̀yọ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Ọ̀sán.

Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé, Alàájì Mubaraq Àlàmú, tó ti wá mọ ọbẹ̀ sè. Àwọn ọmọ wọn Bushrah, Marufat àti Shamsudeen. Àwọn ọmọ ọmọ, tí Ànúolúwa tí wọ́n ń pè ní Àṣàkẹ́ Kékeré jẹ́ àgbà wọn. Àti Mùílì, tí kò mọ ẹni tó máa bi bóyá ó ti bọ́jú mọ́.

Àṣà agbo ilé wọn ni kí wọ́n lé tìróò fún obìnrin wọn tó bá ń lọ sínú sàréè. Àwọn tó wẹ̀ wọ́n gbé ìgò tìróò Ìyá Àgbà Ràbíátù jáde. Bushrah gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì dé e. Ó ní, “Ibi tí Màámi ń lọ, inú ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú wọn mọ́ lọ.”

Àṣàkẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, ẹ sùn ire. A ti ti ilẹ̀kùn, a ti padà wò ó, Mùílì náà ti wò ó. Kí Ọlọ́hun wo inú yín, kó má rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀. Àmín.