Wákàtí Kan Tó Kó Bá Ẹ̀bùnọlá

                                        Ojúlé Kejìlá, Àdúgbò Sábó,
                                        Ọ̀rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Zachariah,

Báwo ni Benin? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ìdáraolúwa ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Mo mọ̀ pé ara á fu ọ́ bó o ṣe rí lẹ́tà dípò ìpè. Ojú ló ń tì mí.

O rántí pé ìjọ yín níbí ní kí n wá ìdí tí àdúrà agogo méjìlá ọ̀sán tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń já lójoojúmọ́. Mo gbé ètò kọ̀ǹpútà kan sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn, tó ń kọ gbogbo ohun tó bá kọjá sínú fáìlì kan: ẹ̀rọ wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, agogo mélòó. Mo rí i pé kọ̀ǹpútà Ẹ̀bùnọlá, àbúrò rẹ tó ń bójú tó fídíò ní ọ́fíìsì ìjọ, ń fi fídíò ńlá ránṣẹ́ ní agogo méjìlá, tó ń gba gbogbo agbára nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ó ní inú àdúrà lòun máa ń wà nígbà yẹn. Mo ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Ni wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ sùtánà fún oṣù mẹ́ta.

Zachariah, mo parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ Ajé ni mo tún fáìlì náà yẹ̀ wò, tí mo rí lẹ́tà Z kékeré kan lẹ́yìn gbogbo agogo tó wà níbẹ̀. Àmì aago Greenwich, ti ìlú Òyìnbó, ni Z yẹn; aago yẹn ni ètò náà ń kà, ó sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Agogo méjìlá rẹ̀, agogo kan ọ̀sán ni níbí, nígbà tí àdúrà ti parí, tí Ẹ̀bùnọlá ń fi fídíò ìsìn ránṣẹ́ sí àwọn tí kò rí i wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó ń já àdúrà wà lábẹ́ agogo mọ́kànlá nínú fáìlì náà, ìyẹn agogo méjìlá tiwa. Fóònù mi ni. Bí wọ́n bá ti wọlé àdúrà, mo máa ń wá jókòó síwájú ọ́fíìsì, màá máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì wọn dáńlóòdù fídíò bọ́ọ̀lù àná, láti ìgbà tí wọn ò tíì pè mí síṣẹ́ náà. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò mi.

Lánàá mo jẹ́wọ́ fún wòlíì. Wọ́n ní kí n dìde sọ ọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí oko kòkó ìyá yín ní Omifunfun, níbi tí Ẹ̀bùnọlá sá sí, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ. Ó ní, “Ẹ dìde, Bọ̀dá Luqman. Ti ìjọ ò dùn mí tó ti bọ̀dá mi. Wọ́n pè mí láti Benin, wọ́n bú mi, wọn ò tiẹ̀ béèrè tẹnu mi.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ pè ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, tí mo sọ pé òun ló jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ mi lo gbà gbọ́. Kí ìyàwó rẹ fún mi, bó bá ṣì fẹ́ gbọ́ orúkọ mi. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kó o tó pè mí, pe Ẹ̀bùnọlá.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ̀bi,
                                        Luqman.