Ìborùn Funfun Tí Ẹ Fi Pọn Ọmọ Ọlọ́mọ

Nima, Accra.
Ọjọ́ Àìkú.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Assalamu alaykum. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn. Ṣé ara yín le? Ṣé kẹ̀kẹ́ ológeere yín náà wà ní àlàáfíà? Mo béèrè rẹ̀ torí òun lẹ̀ ń rí lójoojúmọ́. Èmi ṣì wà. Àǹtí Sherifa, àbúrò yín, ní kí n kí yín.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ tajà ní abúlé yẹn tí ẹ fi mí sọ́dọ̀ Àǹtí, ẹ kì í pa Jímọ̀ kankan jẹ. Kódà nígbà tí wọ́n sọ yín di olùyọ̀ǹda-ara-ẹni fún ètò ìlera, tí ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn kiri wo àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe, ẹ ṣì ń wọ ọkọ̀ tro-tro wá bá mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n fún yín ní kẹ̀kẹ́. Mo rò ó pé ẹ ó tètè máa ṣetán ni. Àṣé bí wọ́n ṣe ń fún yín ní kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi ìletò mẹ́ta kún tiyín. Wọ́n ní ẹ ti ní ẹsẹ̀ tuntun. Jímọ̀ wá ń kọjá, mi ò rí yín. Abdul-Rahim ọmọ Àǹtí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, “Mutmainah, kẹ̀kẹ́ ti fẹ́ ìyá ẹ o.”

Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti wòlímọ̀ mi, ọjọ́ tí mo parí Kùránì. Ẹ ní ẹ ti ra ìborùn funfun, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wé nǹkan kan sí mi lórí. Ẹ ní, “Ọwọ́ ara mi ni n ó fi wé e fún ẹ.” Mo gbọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ mi wé tiwọn, híjáàbù ilé-kéwú ló wà lórí tèmi. Àǹtí gbé báàgì sórí àga yín kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Mo kà á, mi ò ṣìṣe, báàgì ló ń wò mí.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ tó pè. Ẹ ní ẹ ti fẹ́ dé ibùdókọ̀ nígbà tí obìnrin kan sáré gbé ọmọ tí gìrì mú wá bá yín. Òun ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ìborùn mi lẹ fi pọn ọmọ náà, ẹ gun kẹ̀kẹ́ dé kílíníìkì. Ẹ ní ọmọ yè. Ẹ̀ ń dúró kí n ṣe Alhamdulillah. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù. Gbogbo ilé ló ń yìn yín, wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run lẹ̀ ń ṣe. Ó dáa. Ta ló wá ń ṣe iṣẹ́ ìyá mi?

Kwabena, máàtì tó ń gbowó ọkọ̀ nínú tro-tro ọ̀nà yín, ti gbé ìborùn náà wá. Ẹ ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n epo ṣéènì kẹ̀kẹ́ wà létí rẹ̀. Èmi náà fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo ti kó o sínú àpò ìrẹsì tí Àǹtí ní kí Kwabena gbé fún yín. Ẹ fún ìyá ọmọ yẹn. Òun lẹ rà á fún.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lọ́nà. Kí táyà má jò mọ́ yín lẹ́sẹ̀ nínú igbó. Kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ̀ ń gbà là mọ̀ yín lọ́jọ́ ogbó. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo,
Mutmainah.

Àfikún: Ẹ má wá ìborùn nínú àpò ìrẹsì. Mo ti yọ ọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà, mi ò tíì wé e. Ẹ wá wé e fún mi.