Pláyà Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Mi ní Ugbonla

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó ìsọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ugbonla níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí àwọn àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó dùn.

Ẹ ó bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lẹ ní kí n jẹ́ kó kú síbẹ̀. Kò lè kú síbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ṣì ń tún ṣe. Orí afárá pákó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, omi lábẹ́, oòrùn lókè. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ iyọ̀ sí gbogbo nǹkan, aṣọ tí mo bá sá kì í gbẹ tán. Okùn àwọ̀n la fi ń so irinṣẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ níbí, nítorí èyí tó bá já bọ́, omi ló ni ín. Ọ̀dọ̀ Orímisàn ni mò ń gbé, awakọ̀ ojú omi tó gbà mí sílé lọ́jọ́ tí mo dé tí n kò mọ ẹnì kankan. Òun ló kọ́ mi lúwẹ̀ẹ́. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará òkè ni mí, pé bí omi bá ti dé mi lórúnkún, orúkọ Ìyá mi ni mo máa ń pè. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ǹ bá ti padà sílé tipẹ́.

Nígbà tí àpò irinṣẹ́ yín dé, mo jó. Sípánà wà níbẹ̀, síkúdíráfà wà níbẹ̀, pláyà elérin sì wà lókè, rọ́bà pupa lọ́wọ́, àwòrán erin lára rọ́bà náà. Láti kékeré lẹ ti ń sọ fún mi pé nínú gbogbo pláyà tó wà ní ìsọ̀ yín, elérin lọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ká pa ẹnu rẹ̀ dé, ká gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín eyín rẹ̀ kọjá, ká dá a padà. Ká mì í wò, bóyá oríkèé rẹ̀ ń yẹ̀. Ká fi gé ìṣó, ká wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó sán. Ẹ ní orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sínú irin ni ká gbà gbọ́, ká má wo ti ara rọ́bà. N kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ọmọ wo ló ń dán ẹ̀bùn bàbá rẹ̀ wò?

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Orímisàn fẹ́ kó èrò lọ sí Abereke. Ewéko ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó di abẹ̀bẹ̀ náà mú kí n lè fi pláyà fa pínnì tó dè é mọ́ ọkọ̀ yọ, ká lè tú ewéko náà. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, kò yọ. Mo tún fà á, ẹnu pláyà kán. Àfọ́kù irin náà fò, ojú ọ̀tún rẹ̀ ló lọ. Ọkọ̀ tirẹ̀ la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹlòmíì ló wà á. Dókítà ṣe é títí, ojú náà fọ́.

Mo wo ibi tí pláyà ti kán. Inú irin náà rí ṣákaṣàka bí iyọ̀. Mo bó rọ́bà pupa kúrò. Orúkọ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ pláyà pọ́ọ́kú tí ẹ máa ń tà fún àwọn tó fẹ́ fi so wáyà ọgbà, tí ẹ máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi fa nǹkan líle.

Mo pè yín. Mo ń gbàdúrà kí ẹ sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ̀yin náà jẹ ni. Ẹ ní ẹ mọ̀. Ẹ ní ṣebí iyọ̀ òkun ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀ gbẹ̀yìn, kí lẹ ó fi ojúlówó ṣòfò sí. Ẹ ní ẹ bọ́ rọ́bà lára ògbólógbòó elérin kan, ẹ fi wọ̀ ọ́, kí inú mi lè dùn. Inú mi dùn, Bàbá. Odindi oṣù méjì ni mo fi ń fi í hàn kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀. Iyọ̀ kì í tètè jẹ irin tó dára bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀. Síkúdíráfà tí Orímisàn jogún lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kẹrosíìnì ló fi ń nù ún lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tilẹ̀ dúró de iyọ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo máa ń rò pé àsọdùn ni.

Àwọn èèyàn Orímisàn ò bá mi jà. Wọ́n ní bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja ka iwájú mi, mo máa ń dá a padà láìjẹ. Orímisàn fúnra rẹ̀ ló ń tù mí nínú. Ojú kan ló fi ń wakọ̀ báyìí, àwọn èrò sì ti ń yẹra fún ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà tí ẹ pààrọ̀ fún un, nítorí orúkọ ilé wa. Ojú ń tì mí pé mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀.

Lánàá, mo ka lẹ́tà yìí sí i létí. Orúkọ yín àti àdírẹ́sì ìsọ̀ yín wà nínú rẹ̀ nígbà náà, mo kọ ọ́ gàdàgbà, kí gbogbo ẹni tó ń ra irinṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè rí i. Nígbà tí mo kà á tán, ó bi mí bóyá owó ìsọ̀ yẹn ni Ìyá mi fi ń jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n pa orúkọ náà rẹ́.

Kí Olúwa dá Ìyá mi sí. Kí ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ó má jẹ́ kí ojú yín rí ohun tí ojú ọmọ ọlọ́mọ rí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn aládùúgbò. Mo ti pa orúkọ yín rẹ́, Bàbá. Kì í ṣe èmi ló dárí jì yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín.