Orúkọ Àwọn Obìnrin Fáṣínà

Ajé, 9 Oṣù Kẹjọ, 2004
Gálárì, Mende. Àwòrán ẹṣin ogun ni gbogbo ayé fi mọ olóògbé Àtàndá Fáṣínà — ńlá ńlá, pupa yòò. Ta ló mọ̀ pé ó ya obìnrin? Mẹ́rin péré, kékeré. Ọ̀kan ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀kan kàn jókòó, ó ń ronú. Mi ò lè kúrò níwájú wọn. Kò sórúkọ kankan lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá Richard (Dígí ni mo ń pè é nínú ìwé yìí) ní ká kọ "Obìnrin Kìíní", "Obìnrin Kejì". Mo ní rárá o, màá wá orúkọ wọn. Ó ní kó má kọjá Friday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Saturday la máa ṣílẹ̀kùn ìpàtẹ.

Ìṣẹ́gun, 10
Alápẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Ìyá Lará, opó Fáṣínà. Mo kúnlẹ̀ — eékún méjèèjì! Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Eyínfúnjowó rèé. Òpéléńgẹ́. Ìdílẹ̀kẹ̀. Akọ́wé." Mo kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Mo ti ṣe é!

Ẹtì, 13
Ṣàràfá tó ń kan férémù ka káàdì orúkọ tí mo kọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìṣó mì. "Aunty London (torí Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti wá)! Orúkọ tí ìyàwó ń fún àwọn ọmọ ilé ọkọ lẹ kọ yìí o!" Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ojú tì mí. Mo fa gbogbo ẹ̀ ya.

Àìkú, 15
Ìyá Lará ní àwọn mọ orúkọ wọn, ẹnu àwọn ni ò gbọdọ̀ pè é. "Fáṣínà kú, àmọ́ ìyàwó ni mo ṣì jẹ́. Lọ bá Eyínfúnjowó ní Ajégúnlẹ̀. Ọmọ ilé ni, kò sẹ́ni tí kò lè pè."

Ìṣẹ́gun, 17
Ajégúnlẹ̀. Omi òjò dé orúnkún. Mo rí wọn! Ìyá Ọláìyá, àbúrò Fáṣínà. Eyín méjì ló kù — "Owó ti tán lẹ́nu mi." Wọ́n wo ara wọn nínú fọ́tò, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà: "Èmi Ọláìyá. Motúnráyọ̀. Adédiwúrà. Bámi. Àwọn mẹ́ta yòókù ti lọ bá Fáṣínà." Wọ́n pe orúkọ wọn bí ẹni ń pè wọ́n wá jẹun.

Ẹtì, 20
Dígí ka káàdì tuntun. "Ó dáa. Gbé wọn kọ́."

Àbámẹ́ta, 21
Èrò fi ẹṣin sílẹ̀! Wọ́n pagbo yí àwọn obìnrin ká. Ẹnìkan ka "Ọláìyá" sókè. Ìyá Ọláìyá dáhùn láti orí àga: "Ẹ̀n-ẹ́n, èmi rèé!" Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́. Ó ka "Motúnráyọ̀." Ìyá Ọláìyá dìde, wọ́n bá a jẹ́ ìpè náà. "Adédiwúrà." Wọ́n jẹ́ ẹ. "Bámi." Ohùn wọn dé títì.