Ẹran Ẹfọ̀n Tí Mo Jẹ

Bàbá mi tí n kò fi orúkọ pè rí,

Àǹtí Wúrà, àbúrò yín tó kẹ́yìn, papòdà lóṣù tó kọjá. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, wọn yóò ti ròyìn mi. Ẹ jẹ́ kí n tún ìròyìn náà ṣe.

Wọ́n ní mo lọ jayé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì gbẹ lórí òkú ọkọ mi. Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní Kẹ́ńyà ni. Gúúsù Áfíríkà ni, nínú igbó tí ìjọba ti ń dáàbò bo ẹranko. Wọ́n ní inú àgọ́ ni mo sùn bí ọdẹ. Àgọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní balùwẹ̀ tó kọjú sí odò, wọ́n sì ń fi ìgò omi gbígbóná sábẹ́ aṣọ ìbora mi. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n fi ẹran ẹfọ̀n tàn mí jẹ. Kò sí ẹni tó tàn mí.

Nítorí èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Yẹmisí, ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oshawa nílùú òyìnbó níbí, ló ṣètò ìrìnàjò náà fún èmi àti bàbá rẹ̀, fún àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wa. Ikú dé kí ọjọ́ náà tó pé. Ó ní kí n ṣáà máa lọ. Mo lọ, nítorí pé n kò rí ìdí tí n kò fi ní í lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ó ti ku èmi nìkan. Mo bá òdòdó pupa lórí ibùsùn, àti bàtà inú ilé fún ẹni méjì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ife tíì méjì wá. Mo ń mu ọ̀kan. N kò ṣàlàyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, mo sì rí ẹfọ̀n. Wọ́n pọ̀, ẹyẹ ń ṣa eégbọn lára wọn. Abo kan tó ti dàgbà dúró, ó wò mí. Bí ẹ bá ń kí mi láàárọ̀, ọmọ ẹfọ̀n lẹ máa ń pè mí, ẹ óò sì máa fi etí bùbá nu awò ojú yín títí n ó fi kúnlẹ̀ dáadáa. Mo dúró de ohun tó yẹ kí ó ṣe mí. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa gbé àwo wá. Ó dárúkọ ẹran náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì nawọ́ sí ibi tí a ti lọ wò wọ́n láàárọ̀, kí ó lè yé mi. Ó yé mi. Ẹ̀yin, ẹ kì í fọwọ́ kan ẹran níbi ìnáwó títí alásè yóò fi wá jẹ́rìí pé màlúù ni. Ẹ ń wàásù lórí àga ìwàásù, síbẹ̀ ẹ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín jiyàn lórí èèwọ̀ ìdílé wa. Ẹ ní ara ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò máa bó bíi kókò tí a sè.

Mo jẹ ẹ́ tán. Ó le díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yẹ ọwọ́ mi wò, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́. Ọwọ́ arúgbó ni. Ṣé ẹ kàn fi ń dẹ́rù bà wá ni, Bàbá, àbí inú ló kọ́kọ́ máa ń bó?

Mo sọ fún Yẹmisí nígbà tó wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó sọ fún àbúrò mi, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó ní n kò mọ̀. Àánú mi ló ṣe é. Ìdájọ́ àbúrò mi ni pé bí n kò bá mọ̀, omi tútù àti àdúrà ti tó. Bí mo bá mọ̀, wọn kò ní í sin mí sáàárín ẹ̀yin àti Ìyá mi nínú agboolé. Ọkọ mi wà ní ilẹ̀ àwọn bàbá tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá mi ni mo ti ń fẹ́ ibẹ̀. Mo ṣì ń fẹ́ ẹ.

Yẹmisí wá bá mi nínú fúláàtì mi ládùúgbò Jane and Finch lánàá. Kò tíì bọ́ kóòtù.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà ní ẹ ò mọ̀. Uncle máa pè lọ́jọ́ Sunday, wọn ò ní í bi yín ju ìyẹn lọ. Ṣebí ẹran lásán ni.”

“Bó bá jẹ́ ẹran lásán ni, kí ló dé tí o fi ń parọ́ nítorí rẹ̀?”

“Ẹ tún ti ń ṣe tíṣà. Mummy, ibi tí wọ́n máa sin yín sí la ń sọ o.”

Mo bu oúnjẹ fún un. Ó bọ́ kóòtù, ó sì jẹ ẹ́.

Ọ̀la ni àbúrò mi yóò pè, lẹ́yìn ìsìn. N ó sọ fún un pé mo mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín fún ẹlòmíràn. N kò lè fi irọ́ wá sùn tì yín.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi jẹ ẹ́ tán, n kò ní í sọ ọ́ fún un. N kò sì ní í sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Ẹ dákun, ẹ má bi mí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.