Ọpọlọ Tó Wà Lábẹ́ Àga Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Màmá tún kú lójú ọ̀nà. Ogún ìṣẹ́jú péré, ẹ́ńjìnnì gbóná, ó dákẹ́. Mo jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi tutù, ló bá sítáàtì bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ bàbá wa là ń pè ní Màmá, ó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Ẹ̀gbọ́n fún mi di ìparí oṣù: bí kò bá gbé òun délé láìkú, òun á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, kò lè di sípánà mú mọ́. Ẹnu rẹ̀ ò gbọ̀n ní tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Mo pààrọ̀ páǹpù epo. Nígbà tí ọkọ̀ kú, mo fetí sí páǹpù, kò dún. Mo ní òun ni. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí táyà, ó ń wò mí. Kò tiẹ̀ húkọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó tún kú. Páǹpù tuntun dákẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
N ò tíì sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó pè, mo ní iṣẹ́ ń lọ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tó ń purọ́ bí ọmọ iléèwé.
Oníkọ̀ǹpútà wá, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò. Ó wá ibi tó máa ki wáyà rẹ̀ bọ̀, kò rí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ yín dàgbà ju ẹ̀rọ mi lọ. Wọn ò gbédè ara wọn." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu lásán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ronú, ìwọ ọkùnrin yìí. Ta ló ń rán páǹpù níṣẹ́? Ọpọlọ mọ́tò ni — àpótí irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ àga iwájú. Òun náà ló ń pàṣẹ iná fún púlọ́ọ̀gì. Bí ọ̀gá bá dákú, ṣé ọmọ iṣẹ́ á máa dá ṣe é? Mo wọn gbogbo wáyà tó wọ inú rẹ̀, ìkankan ò já. Ó ku òun nìkan.
Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí nípa páǹpù.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo yá dìráyà Ọ̀gá Irun — ìyàwó mi, tó ń ṣe irun. Ó ní, "Ṣé irun Màmá lẹ fẹ́ gbẹ?"
Mo tan ẹ́ńjìnnì ní tútù, mo ń fẹ́ ooru sára àpótí yẹn nìkan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó kú. Mo jẹ́ kó tutù — ó jí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Mo jó yí ọkọ̀ ká, mo rò pé èmi nìkan ni. Ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà: "Bẹ́ ẹ bá jó tán, ẹ dá dìráyà mi padà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ọgbà irin àlòkù, ọjọ́ kẹta tí mo ń wá ọpọlọ mìíràn. Mo rí àpótí kan. Nọ́ńbà ara rẹ̀ fi ẹyọ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti Màmá. Ọwọ́ mi ń yún mi. Èmi àtijọ́ ì bá gbé e. Mo fi í sílẹ̀. Lọ́sàn-án, nínú ọkọ̀ tí koríko ti hù gba ilẹ̀ rẹ̀ — nọ́ńbà kan náà gẹ́lẹ́. Mo gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́rú, 19
Mo tú orí bátìrì, mo yọ àpótí àtijọ́, mo de èyí mọ́bẹ̀. Ó sítáàtì. Wákàtí méjì, kò kú. Dìráyà — kò mì. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é. Ẹ jẹ́ n dákẹ́, kí n má bàa máa fọ́nnu.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo fi Màmá gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sílé rẹ̀. Ká tó débi òkè, mo sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, páǹpù yẹn, kì í ṣe òun. Mo ṣì í ni."
"Mo mọ̀. Kó o tó yọ ọ́, nígbà tí ọkọ̀ tún jí, mo gbọ́ ọ tó ń dún kíkankíkan. Ṣé etí mi náà ń gbọ̀n ni?"
Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ àtijọ́, tí kò ní ọpọlọ, ni tèmi. N ò mọ ohun tí àpótí yẹn ń ṣe, ìwọ lo máa wá a kàn. Kó o fẹnu ara rẹ sọ pé o ṣì í nìkan ni mò ń dúró dè."
Láti ọdún tí mo ti ń wakọ̀, bó bá jókòó tì mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Lónìí, a gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ nǹkan kan. Mo yíjú. Ó ti sùn, lórí àga tí ọpọlọ wà lábẹ́ rẹ̀.
A délé. Mo kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo tún lọ yípo, kí n má bàa jí i.